Alhájà Kareemat àti Ihò Ara Ògiri Kánààlì

Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò Àlúgbo ní Ṣàgámù, kí ẹ̀kún omi má bàa máa wọlé tọ àwọn èèyàn mọ́, wọ́n ní àdúgbò gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí yóò máa bá wọn bójú tó iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Àwọn àgbà àdúgbò pe ìpàdé. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi fẹnu kò sórí Alhájà Kareemat Bẹ̀llò. Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan nípa ògiri. Inú ìgbìmọ̀ tó ń tún mọ́ṣáláṣí ṣe ló ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì ti da àwọn bíríkìlà ibẹ̀ láàmú débi pé ọ̀kan nínú wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń gbin ẹ̀gẹ́. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún iṣẹ́ odò. Ó ní obìnrin tó ní àmójútó tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí nìkan ni yóò máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí ti nawọ́ sókè.

Tíṣà ni Alhájà Kareemat ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀. Ó kọ́ ọmọ ní Ìsarà, ó kọ́ ọmọ ní Ìpẹ̀rú, kí ó tó wá di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàgámù níbí, níbẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ìfẹ̀yìntì yìí kò bá a lára mu rárá. Ọkọ rẹ̀, Alhájì Ṣẹ̀rífù, oníṣòwò obì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wọn, ní òpópónà tó já sí odò gan-an. Kò tíì pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó fi to gbogbo obì inú ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni to ọmọ ilé ẹ̀kọ́: àwọn kékeré níwájú, àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn tó lábàwọ́n sì wà ní kọ̀rọ̀ kan bí ẹni pé kí wọ́n lọ ronú sí ìwà wọn. Nígbà tí Alhájì gbọ́ pé àdúgbò ti rí iṣẹ́ fún un, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì fi apẹ̀rẹ̀ obì kan ránṣẹ́ sí àwọn àgbà tó ṣe ìpàdé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alhájà wọ híjáàbù funfun, ó fi hẹ́límẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n fún un lé e lórí, ó mú agboòrùn, ó sì gbé àga onírọ́bà tirẹ̀ lọ sétí odò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń po kọnkéré lọ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀ o.”

Àwọn kan dáhùn, àwọn kan ò dáhùn. Ó ní kí wọ́n tún un dá, kí ó ròkè, kí ó sì dún bí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n tún un dá. Ariwo yìí ló mú ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà jáde nínú ọ́fíìsì onípáànù rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga bí òpó iná. Kọ́láwọlé ni orúkọ rẹ̀. Ó ti gboyè ní yunifásítì, ó ti kọ́ afárá, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe bá ti Alhájà, ó ṣí hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró gbagidi. Alhájà ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta.

“Kọ́láwọlé,” ni Alhájà wí. “Ṣé o ti wá mọ ìsọdipúpọ̀ báyìí?”

“Mo ti mọ̀ ọ́n, ma.”

“Mẹ́jọ lọ́nà méje?”

Kọ́láwọlé ronú. Ẹ́ńjìnnì tó ń po kọnkéré nìkan ló ń dún. Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń wo ọ̀gá wọn.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ma.”

“Ó dáa. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún pẹ́ dé mọ́. Bí wọ́n bá ń da sìmẹ́ǹtì, Alhájà á gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wọn, á sì ní kí wọ́n ka àpò náà sókè kí òun gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun á fọwọ́ rẹ̀ hàn án, níwájú àti lẹ́yìn. Bíríkìlà kan tí wọ́n ń pè ní Baba Kàúsárà, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ní ìyàwó méjì, máa ń nawọ́ sókè kó tó lọ tọ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ògiri yẹn ń dára. Ó gún, ó le, ó sì mọ́. Nígbà tí wọ́n gbá ọ̀bẹ ìmọlé mọ́ ọn, ńṣe ló dún bí agogo.

Bí ògiri náà ṣe ń ròkè ni Alhájà wá rí àwọn ihò. Onígun mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n wà nísàlẹ̀ ògiri níbi tí òpópónà ti pàdé rẹ̀, ọ̀kan lè gba ewúrẹ́ kan dáadáa. Alhájà bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n, ó tún dìde. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Lẹ́yìn gbogbo bí òun ṣe dúró nínú oòrùn tó!

“Kọ́láwọlé, kí lèyí?”

“Ihò ni, ma.”

“Mo rí i pé ihò ni. Ta ló gbàgbé láti dí i?”

“Kò sẹ́ni tó gbàgbé, ma. Ó wà nínú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni omi máa...”

“Dúró. Ògiri yìí, kí la ń kọ́ ọ fún?”

“Kí omi má bàa kọjá, ma.”

“Ihò yìí ńkọ́, kí ló máa gba ibẹ̀ kọjá?”

“Omi, ma.”

“Tún gbólóhùn méjèèjì sọ tẹ̀léra wọn, kí o sì fetí sí ara rẹ.”

Kọ́láwọlé la ẹnu. Ìdáhùn wà níkùn rẹ̀ gbangba: omi méjì ló wà, ti odò tó máa ń fẹ́ jáde àti ti òpópónà tó gbọ́dọ̀ ráàyè wọlé. Ó ti ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún kọmíṣọ́nnà rí láìgbọ̀n. Ṣùgbọ́n ojú tí Alhájà fi ń wò ó yìí, ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà ní ṣòkòtò péńpé, gbogbo ìmọ̀ yunifásítì sì fò lọ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹyẹ.

“Wọ́n máa dí i, ma,” ló wí.

Wọ́n dí i lóòótọ́. Baba Kàúsárà ló dí i, Alhájà sì dúró tì í. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí ihò kan ṣoṣo nínú wọn, àwọn mìíràn ì bá fi kọ́ balùwẹ̀. Nígbà tó tán, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n dán an, èèyàn kò lè mọ̀ pé ihò kankan wà níbẹ̀ rí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ọ̀gá Bánkọ́lé tó jẹ́ olùyẹ̀wò àgbà láti Abẹ́òkúta wá wò ó. Ọkùnrin kúkurú kan tó fẹ́ràn ìlànà ni. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn la wà, odò Àlúgbo sì ti gbẹ kanrankanran. Ọ̀gá Bánkọ́lé ní òun kò lè fọwọ́ sí i. Ìlànà sọ pé olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí omi tó ń ṣàn nínú kánààlì náà, ìyẹn ojú odò tó wà láàárín ògiri méjèèjì.

“Òjò ò ní rọ̀ títí di oṣù kẹrin, sà,” ni Kọ́láwọlé wí.

“Ìlànà kò sọ pé òjò. Omi ló sọ.”

Bí wọ́n ṣe háyà ọkọ̀ táńkà omi nìyẹn. Ọ̀gá Bánkọ́lé wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó ṣí agboòrùn, ó lọ dúró sínú kánààlì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí omi yóò parí ìrìn rẹ̀ sí. Kó tó lọ, ó ti ṣí àwòrán iṣẹ́ náà wò.

“Ẹnjiníà, àwọn ihò kan wà nínú àwòrán yìí. Wọ́n dà?”

Kọ́láwọlé wo Alhájà.

“A ti ṣe àtúnṣe rẹ̀,” ni Alhájà wí.

“Àtúnṣe,” ni Ọ̀gá Bánkọ́lé wí. Ó hàn pé ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó ká àwòrán náà, kò tún béèrè mọ́.

Àwọn táńkà náà wá da omi wọn sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ohun tí kò sẹ́ni tó rò níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ omi àdúgbò náà ti bàjẹ́ látìgbà tí ọyẹ́ ti mú. Hàmdálátù alákàrà ló kọ́kọ́ rí omi tó ń dán, tó ń ṣàn lọ nínú kánààlì tí kò ní ẹ̀gbin kankan. Ó figbe ta: “Omi dé o! Omi ìjọba!” Kíá, gbogbo ilé ti tú jáde. Wọ́n gbé korobá, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé agbada ìdínkàrà. Wọ́n fi àkàbà sọ̀kalẹ̀ sínú kánààlì, wọ́n ń bu omi náà bó ṣe ń bọ̀.

Alhájà sáré débẹ̀ láti lé wọn. “Ẹ jáde! Àyẹ̀wò la ń ṣe!” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n ń ti ara wọn, kẹ́ẹ̀gì ń gbá èèyàn lórí. Ìdàrúdàpọ̀ yẹn wá dùn ún ju omi lọ. Tíṣà kò lè wo irú rẹ̀ kó dákẹ́. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n tò, àwọn aláboyún níwájú, kí ẹni tó bá ti bu tirẹ̀ gba àkàbà kejì jáde. Wọ́n tò. Látìgbà tí wọ́n ti tò yìí, iṣẹ́ wá yá gan-an. Ìkán omi kan kò ṣòfò.

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Ọ̀gá Bánkọ́lé dúró, dúró. Ó gbọ́ pé táńkà ti tú omi sílẹ̀. Ó gbọ́ ariwo. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, omi tín-ín-rín kan yọ, ó gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan bọ̀, ó rìn jẹ́jẹ́ dé iwájú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ kí i, ó sì gbẹ.

Ọ̀gá Bánkọ́lé wo ilẹ̀ tó gbẹ náà. Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Gbogbo omi ọkọ̀ táńkà yẹn,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí. “Kánààlì yìí gbé e mì pátápátá. Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ lójú mi rí.”

Ó fọwọ́ sí i níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Alhájà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ni òjò gidi wá rọ̀. Òjò ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́fùúfù, ó kàn ń dà ni. Alhájà wà lókè ilé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ dẹ́dẹ́, ó ń mu tíì. Ìgbà tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ló tó yọjú. Alhájì Ṣẹ̀rífù dúró sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé itan. Àwọn apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀ ti léfòó, wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ sí ọ̀nà odò.

“Àjọkẹ́,” Alhájì wí. Oríkì ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, kì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá kọjá ariwo. “Ògiri yín yìí mà lágbára o.”

Alhájà ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọ omi náà, ó sì rìn dé ìdí ògiri. Ó gun búlọ́ọ̀kù kan tó wà níbẹ̀, ó yọjú wo òdìkejì. Omi tó wà lójú òpópónà ti dé ìbàdí èèyàn. Nínú kánààlì, omi ibẹ̀ kò ju ti inú abọ́ àlùwàlá lọ. Àkèré kan jókòó sórí kọnkéré gbígbẹ, ó ń gbafẹ́. Gbogbo omi ìlú ló ti dé, tó ń fara nu ògiri bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ tó bá géètì ní títì, kò sì sí ibi tó máa gbà wọlé. Wọ́n ti dáàbò bo odò lọ́wọ́ ẹ̀kún omi.

Ó dúró síbẹ̀, òjò ń lù ú. Gbólóhùn méjèèjì tó ní kí Kọ́láwọlé sọ tẹ̀léra wọn ló ń tún sọ fún ara rẹ̀, ó sì rí i báyìí pé omi ẹyọ kan kọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Kọ́láwọlé àti Baba Kàúsárà ti ń wọ́ omi bọ̀, wọ́n gbé òòlù ńlá àti dígà dání. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀.

“Ibo ni ihò yẹn wà?” ni Alhájà béèrè.

Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n ti dán an jù. Wọ́n ń fọwọ́ tá ògiri náà lábẹ́ omi bí ẹni tó ń wá yẹtí tó jábọ́, títí Kọ́láwọlé fi wọn ìṣísẹ̀ láti ìdí òpó iná tó ní, “Níbí ni.” Baba Kàúsárà gbé òòlù, ó gbá a. Òòlù ta padà. Ó tún gbá a. Ògiri náà dún bí agogo.

“Kí ló le báyìí?” Alhájà kígbe.

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kó le, Alhájà!” Baba Kàúsárà dáhùn, omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ní kí n ka àpò sìmẹ́ǹtì sókè!”

Wọ́n ń gba òòlù náà lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tó kan Alhájà, èdè Rẹ́mọ pọ́nńbélé tí kò sọ níwájú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rí ló fi ń bá ògiri náà wí bó ṣe ń gbá a. Ó wá là níkẹyìn. Omi rí ọ̀nà, ó fi ariwo wọlé, inú gbogbo èèyàn dùn. Ojú ẹsẹ̀ náà ni apẹ̀rẹ̀ obì kan sáré bá omi lọ, ó sì há sẹ́nu ihò náà pinpin.

“Ẹ má jẹ́ kó lọ!” Alhájì kígbe látorí tábìlì rẹ̀. “Gbàǹja ni!”

“Ẹ tì í wọlé!” ni ìyàwó rẹ̀ kígbe.

Baba Kàúsárà wo ọkọ, ó wo ìyàwó. Ó fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ náà wọlé. Obì pupa àti funfun tú yọ sójú odò, ó ń bá omi lọ, ó sì dùn-ún wò.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti la ihò tó tó kí òpópónà lè fà. Ní ọjọ́ kejì, Alhájà lọ sí ọ́fíìsì onípáànù. Kọ́láwọlé dìde. Alhájà ní kó jókòó.

“Nígbà tí mo ní kí o dí àwọn ihò yẹn, ṣé o mọ̀ pé kò yẹ?”

“Mo mọ̀, ma.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

Kọ́láwọlé wo ọwọ́ rẹ̀. “Mo ń bẹ̀rù yín, ma.”

Gbogbo ọdún tí Alhájà fi kọ́ ọmọ, bí ọmọ bá bẹ̀rù rẹ̀, ó máa ń kà á sí àmì pé iṣẹ́ òun ń lọ déédéé ni. Kò tíì rò ó wò rí pé ọmọ náà lè mọ ìdáhùn kó sì gbé e mì.

“Mo ṣì í ṣe,” ló wí. “Má bínú.”

Kọ́láwọlé fò dìde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ kan páànù.

“Jókòó, mi ò tíì parí. Ó ṣì ku àwọn ihò yòókù. Ìgbà wo lẹ máa là wọ́n?”

Ọ̀gá Bánkọ́lé padà wá láti Abẹ́òkúta. Ó gbọ́ pé ẹnì kan ti fọ́ ògiri ìjọba. Ìlànà sọ pé alábòójútó àdúgbò ni yóò jẹ́rìí, ẹni tí wọ́n fura sí yóò sì fèsì. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì, ó ronú, ó sì ní kí wọ́n gbé àga méjì wá. Alhájà jókòó sórí àga ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ó jẹ́rìí pé òun rí obìnrin kan tó fi òòlù fọ́ ògiri. Ó bọ́ sórí àga òsì, ó ní òótọ́ ni. Ó padà sórí àga ọ̀tún, ó wo àga òsì tó ṣófo, ó ní òun ti ń sọ fún obìnrin náà tipẹ́ pé kó máa fetí sí àlàyé ẹlòmíràn kó tó pàṣẹ.

“Kí ló fà á tó fi fọ́ ọ?” ni Ọ̀gá Bánkọ́lé béèrè.

“Sà,” ni Kọ́láwọlé wí láti ẹ̀yìn, “àwọn ihò tí ẹ̀yin náà rí nínú àwòrán ni.”

Ọ̀gá Bánkọ́lé wò ó. Ó wo àwòrán. Ó rántí ẹni tó fọwọ́ sí i. “Àtúnṣe sí àtúnṣe,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé àga kúrò.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n gbé Kọ́láwọlé lọ sí Ìsarà láti kọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ létí odò mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ Alhájà láago pé kí ó wá wò ó. Alhájà wọkọ̀ lọ. Ó rí i pé ẹnu gbogbo ihò ibẹ̀ ní ìdérí irin kan tó rọ̀ dirodiro. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó mì lọ mì bọ̀.

“Kọ́láwọlé, èyí ò mà dúró dáadáa. Ẹ ò dè é le.”

“Rárá, ma. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí omi òpópónà bá dé, á tì í ṣí. Bí omi odò bá kún, òun náà á tì í pa.”

Alhájà tún mì ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, èèyàn rí i pé ó wà níbẹ̀. Ó fa àga onírọ́bà kan tó wà nítòsí, ó jókòó, ó gbé agboòrùn sí ìhà kan.

“Tún un ṣàlàyé fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Má kánjú.”